Àwọn Tó Ń Sáré fún Orí-Irin

Múfútáù, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ kí o gé irun èèyàn. Láti ìgbà tí mo ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí ni o ti ń pòṣé. Ayò ṣẹ́ẹ̀sì tí ò ń bá fóònù ta yẹn, ó tún ti nà ọ́, àbí? Tún ohun tí o sọ lẹ́ẹ̀kan sọ kí gbogbo ayé gbọ́. O ní ó dákẹ́ torí pé ó ń ronú. Ronú kẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti orí tí wọn kò tíì fá, ṣé ẹ gbọ́ tí onígbàjámọ̀ yín ní irin ń ronú?

Èmi Ọmọ́kẹ́hìndé ọdẹ, tí ẹfọ̀n ń rí tó ń yà fún, tí iwin ń kí ní "ẹ kú ewu" kí ó tó bèèrè ohun tí mo wá ṣe, mo ti jókòó dojú kọ bàbá ńlá ohun tó wà nínú fóònù yẹn, mo sì pa á láyò. Nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi eyín mi tó ká ṣe yẹ̀yẹ́, ta ló lè sọ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ fún mi lónìí, màá fi ọ̀pá yìí là á lórí.

Kì í ronú, Múfútáù. Èèyàn ló ń rán níṣẹ́. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn, inú kan náà la sùn kí a tó wá sáyé.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ àdúgbò yìí lè má mọ̀ pé ìbejì ni mí. Táyélolú ni èkejì mi. Ẹ sì mọ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́: Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò, bí ó bá dùn kó ké kí òun máa bọ̀. Àwọn ẹlòmíì ń fi èyí ṣẹ̀fẹ̀ níbi ìkómọ. Ní tiwa, iṣẹ́ la fi ń ṣe. Igbó tí a kò bá wọ̀ rí, Táyé ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Èmi á dúró létí igbó, òun á lọ wo iwájú, á súfèé, èmi á tẹ̀ lé e. Bí ó bá ké "Ejò!" n kò ní bi í pé irú ejò wo, ẹsẹ̀ mi á ti kúrò nílẹ̀. Kò parọ́ fún mi rí. Bí Táyé bá ní ejò wà níbì kan, ejò wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ tí a dé etí Igbó Ẹlẹ́ka, ó wọlé, n kò gbọ́ ìfé. Mo dúró, mo dúró, ẹsẹ̀ ń kú mi. Mo wá a wọlé, mo sì bá ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti pín, tó tún pín, tó sì ń pín lọ bẹ́ẹ̀. N kò mọ èyí tó gbà. Mo padà sílé bí ajá tí ẹran bọ́ mọ́ lẹ́nu.

Nígbà tí ó pẹ́ tí kò dé, Olójèdé gbẹ́nàgbẹ́nà gbé igi wá sílé wa. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ ère Táyé, kí ẹ máa fún un lóúnjẹ, kí ó má baà wá pe èkejì rẹ̀ lọ."

Omi tí ìyá wa fi ṣan àwo ló dà sí i lára. "Ṣé o rí òkú ọmọ mi ni? Wọ́n ń gbẹ́ ère alààyè níbo? Gbé igi ẹ jáde!" Ó wá yíjú sí mi. "Kẹ́hìndé, láti inú mi lo ti ń rán an níṣẹ́. Lọ mú un wá. Bí ó bá ti kú, wá sọ fún mi pé ó kú, kí wọ́n gbẹ́ ère kí n sunkún mi tán. Bí kò bá kú, ẹ jọ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n má fi 'n kò mọ̀' wọ ilé yìí wá bá mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sínú àpò pẹ̀lú ẹ̀tù ìbọn.

Kí n tó dé ibi tí ọ̀nà ti ń pín, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ẹ-Jẹ́-Á-Wò-Ó-Ná. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìlú burúkú ni. Oníbodè wọn gbé ẹsẹ̀ kan sókè, koríko ti hù láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó fi dúró. Mo kí i, kò dáhùn. Nígbà tó yanu, ohun tó sọ ni pé, "Bí mo bá ní 'ẹ káàbọ̀,' o lè dáhùn, o lè dákẹ́, o sì lè yìnbọn fún mi. Bí o bá dáhùn, mo lè bi ọ́ níbi tí o ti ń bọ̀, mo sì lè má bi ọ́. Bí mo bá bi ọ́, o lè parọ́, o lè sòótọ́. Bí o bá parọ́..." Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ti dé àárín ìlú tán, mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ìyá kan mú iṣu dání, kò tíì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Bàbá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, òjò ń pa á. Baálẹ̀ wọn jókòó ti oúnjẹ, òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀, òkèlè náà ti bu. Mo ní, "Baálẹ̀, ẹ jẹun ná." Ó ní, "Àlejò, ohun gbogbo tó lè tẹ̀yìn òkèlè yìí jáde ni mò ń wò. Mi ò tíì wò ó tán."

Mo mú ẹran gbígbẹ tó wà níwájú rẹ̀, mo jẹ ẹ́ níṣojú rẹ̀. Ó ṣì ń ro ohun tí yóò sọ sí i nígbà tí mo fi nu ẹnu.

Mo bi í pé, "Ta ló kọ́ yín ní èyí?"

Ó ní, "Orí-Irin ni. Kò sí ẹni tó lè pa á láyò, a sì fẹ́ gbọ́n bíi tirẹ̀. Ó ní kí a máa wo gbogbo ọ̀nà kí a tó gbẹ́sẹ̀. Kò sọ ìyókù fún wa."

"Kí ni ìyókù?"

Omijé dà lójú rẹ̀. "Bí a bá mọ̀ ọ́n, ṣé òkèlè yìí ì bá bu?"

Mo kúrò níbẹ̀ kíá. Àrùn tó ń mú èèyàn lẹ́sẹ̀ báyẹn, ó lè ràn.

Ní ibi tí ọ̀nà ti kọ́kọ́ pín nínú Igbó Ẹlẹ́ka, mo bá ìyá arúgbó kan tó ń pọ́n àdá. Apá rẹ̀ le ju tèmi lọ, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀ apá. Ìyá Agẹ́ka ni wọ́n ń pè é. Ó ní kò sí ẹni tí yóò kọjá láìdáhùn àlọ́ òun.

"Ọdẹ, o wo inú ihò kan, o rí orí ejò. Kí lo máa ṣe?"

"Màá fi ihò náà sílẹ̀, Ìyá."

"O ò ní wò ó bóyá òkété wà nísàlẹ̀ rẹ̀? O ò ní wò ó bóyá ejò ibẹ̀ ju ẹyọ kan lọ?"

"Nígbà tí mo ti ní ihò míì tí kò léjò, kí ni mo fẹ́ fi òkété eléjò ṣe? Ejò kan ṣoṣo ti tó láti pa èèyàn. Wọn kì í ka ìyókù."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé àdá sílẹ̀. "Ìyókù tí àwọn ará Ẹ-Jẹ́-Á-Wò-Ó-Ná kò mọ̀ nìyẹn. Orí-Irin a máa rán asáré sí ojú ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti rí ọ̀nà kan tó dára, tí asáré kan sì ké 'Ejò!' lórí òmíràn, mi ò ní bi í léèmejì. Màá gé ọ̀nà náà láti ìdí, kò sí ẹni tó tún máa wo ìyókù rẹ̀ láéláé. Èmi ni mo jẹ́ kí Orí-Irin yára. Bí kò bá sí àdá yìí, òun náà á jókòó ti òkèlè tó bu."

Mo ní, "Bí asáré bá ṣì wà lórí ọ̀nà tí ẹ gé ńkọ́?"

"Wọ́n gbọ́n. Nítòsí ìdí ọ̀nà ni wọ́n ti ń ké e, nígbà tí ẹsẹ̀ wọn bá ti fẹ́ kúrò lórí rẹ̀." Ó tún gbé àdá, ó ń pọ́n ọn. "Máa kọjá, ọmọ mi."

Báyìí ni mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Orí-Irin. Orí lásán ni, kò lọ́rùn, kò lára. Wọ́n gbé e ka òkúta pẹrẹsẹ, ó ga tó ilé. Kò sì ní ojú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: ohun tí ẹ ní ó ń wo iwájú ju ọmọ aráyé lọ, kò ní ojú kankan. Ẹnu ló ní, àti etí tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yìí. Pákó ayò wà níwájú rẹ̀, ojú funfun, ojú dúdú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀nà ti ń pín lọ, Ìyá Agẹ́ka sì ti gba ibòmíì dé ìdí wọn ṣáájú mi pẹ̀lú àdá rẹ̀. Àwọn asáré jókòó létí ibẹ̀, ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín, àyà wọn ń lọ sókè sódò. Táyé wà láàárín wọn.

Ó rí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Egungun lásán ló kù lára rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín náà kò yí padà. "Ẹ̀gbọ́n mi tó ń dé lẹ́yìn! O mà pẹ́ o. Ṣé mo ké kí o máa bọ̀ ni?"

Mo ní, "Ìwọ dákẹ́. Kí ló dé tí o kò súfèé?"

Ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. "Bí mo ṣe wọlé ni mo gbọ́ ohùn kan: 'Lọ tọ́ ọ wò fún mi.' Kẹ́hìndé, mo rò pé ìwọ ni. Ta ló tún ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láyé yìí? Mo sáré lọ wò ó, mo padà wá jíṣẹ́. Ẹni tó bá ti jíṣẹ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, tirẹ̀ ni."

Ẹ rí i? Ẹlòmíì ì bá bèèrè ẹni tó ń rán òun. Ọmọ tí wọ́n ti ń rán láti inú oyún kì í bèèrè.

Mo bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní, "Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun kan tí Orí-Irin lè gbé lórí pákó. Bí ó bá gbé èyí, ọ̀tá á gbé tọ̀hún, òun náà á tún gbé. Bí ó bá kàn án, a mú ibi tó dára jù fún un. Bí ó bá kan ọ̀tá, a gbà pé ọ̀tá gbọ́n, ibi tó máa dun Orí-Irin jù ló máa mú. A ó sáré títí èémí wa á fi pin. Ibẹ̀ la ti máa ka ohun tó kù lórí pákó, ta ló lẹ́ṣin, ta ló lérin, a ó sì padà wá sọ ọ́."

"Ohun tó wà níwájú ibi tí èémí ti pin ńkọ́?"

"Ta ló mọ̀ ọ́n? Lójú Orí-Irin, ibẹ̀ ni ayé pin sí."

Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sábẹ́ ahọ́n. Mo lọ dúró níwájú Orí-Irin, mo ní mo wá gba èkejì mi. Ohùn rẹ̀ jáde bí ìgbà tí wọ́n ń fa ìkòkò irin nílẹ̀: "Ta ayò pẹ̀lú mi. Bí o bá pa mí, máa mú un lọ. Bí mo bá pa ọ́, ìwọ náà á máa sáré."

Kí lo ní, Múfútáù? O ní báwo ni mo ṣe mọ ayò náà ta? Ìwọ tí o ti ń ta á láti ọdún tó kọjá tí fóònù ń nà ọ́ bí ẹni na bàrà, ìwọ lo ń bi mí! Táyé ló kọ́ mi: ọba tí kò gbọdọ̀ há, ayaba tó lágbára ju ọba lọ, ẹṣin tó ń fò, erin tó ń rìn gbọọrọ, àti àwọn ọmọ ogun tí gbogbo wọn ń kú. Ọdẹ kì í pẹ́ mọ ohun tó bá ti jẹ mọ́ híhá.

A bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá gbé ọ̀kan, àwọn asáré á bẹ́ lu ojú ọ̀nà. Ẹ ó máa gbọ́ "Ejò!" lápá ọ̀tún, "Ejò!" lápá òsì, àdá Ìyá Agẹ́ka á sọ gbáú, gbáú. Kí n tó mí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, òun ni Orí-Irin á gbà. Ó jẹ ọ̀pọ̀ ọmọ ogun mi, ó jẹ erin mi kan, ó lé ọba mi wọ kọ̀rọ̀. Àwọn asáré ń wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó máa lè sáré dáadáa. Ìtìjú mú mi, inú sì bí mi.

Ìgbà náà ni mo rántí pàkúté òkété. Ẹ̀kùrọ́ ni òkété ń rí. Kì í rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀kùrọ́, torí ojú rẹ̀ pin síbẹ̀. Mo gbé ayaba mi, mo fi í sẹ́nu erin Orí-Irin gbangba.

Àwọn asáré bẹ́ sójú ọ̀nà tí wọn yóò fi jẹ ayaba. Wọ́n padà dé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ó dára! Ayaba lọ́fẹ̀ẹ́, kò séwu!" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ewu tí mo dẹ wà níwájú díẹ̀ sí ibi tí èémí wọn pin. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ súfèé.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kù tí wọn kò tíì wò: kí ó fi ayaba mi sílẹ̀, kí ó fi ẹṣin dínà. Bí mo ṣe rí ọ̀nà yẹn, òógùn bò mí. Bí Orí-Irin bá gba ibẹ̀, mo ti kú, Táyé náà kò sì ní kúrò níbẹ̀ láé. Orí-Irin ní, "Ta ló lè dé òpin eléyìí?"

Kò sí ẹni tí èémí rẹ̀ gùn tó ti Táyé. Ọdẹ ni. Ó dìde. Ó wo pákó, ó wò mí, ó bu omi mu. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mò ń bọ̀." Ó sì lọ.

Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi pé Orí-Irin pàápàá pòṣé. Nígbà tó yá, a gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn réré, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín: "Ejò! Ejò o!"

Èmi gan-an gbẹ́sẹ̀ sẹ́yìn, ẹ ò rí àṣà! Ìyá Agẹ́ka kò bi í léèmejì. Gbáú! Ọ̀nà náà já. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí ó jẹ ayaba. Orí-Irin jẹ ayaba. Mo gbé ẹṣin mi, ó sá, mo gbé erin tó kù sí mi lọ́wọ́, ó sá, mo sún ọmọ ogun kékeré kan síwájú, ọba rẹ̀ há pátápátá.

Mo jó! Mo yìnbọn sókè, mo bú Orí-Irin tìyá-tìyá bí ẹni pé ó níyàá. Mo ní, "Ìwọ àpólà irin lásán! Ó yá, mo ń lọ. Táyé, dìde, Ìyá ń retí wa!"

Orí-Irin ní, "Ọ̀rọ̀ mi kì í yẹ̀. Máa mú un lọ."

Kò sí ẹni tó dìde. Àwọn asáré dorí kodò. Ìyá Agẹ́ka gbé àdá sílẹ̀, ó ní, "Ọdẹ, ibo ni ohùn tó ké ejò ti wá?"

Mo ní, "Ọ̀nà jíjìn."

Ó dì mí lọ́wọ́ mú bí ẹni mú ọmọdé, ó mú mi lọ síbi tí àdá ti gé ọ̀nà. Lẹ́yìn ibẹ̀, kò sí nǹkan kan. Mo ju òkúta sí i, n kò gbọ́ kó balẹ̀. Ní òdìkejì, mo rí ọ̀nà náà kedere láti ìdí dé òkè. Ó mọ́ tónítóní. Kò sí ejò níbẹ̀.

Kò sí ejò níbẹ̀, ẹ̀yin èèyàn! Táyé rí i pé ọ̀nà náà dára fún Orí-Irin, ó sì ké ejò. Bí ó bá ké e nítòsí, àwọn asáré yòókù ì bá fi ojú ara wọn rí i pé kò sí ejò níbẹ̀. Ibi tí èémí ẹnikẹ́ni kò lè dé nìkan ni irọ́ yẹn ti lè dúró. Ó mọ̀. Ó mọ̀ kí ó tó bu omi yẹn mu. Irọ́ kan ṣoṣo tó pa fún mi láyé, òun ni mo fi borí.

Mo sì rí i. Ó kéré bí èèrà lọ́nà jíjìn, ó ń sáré bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Mo pè é títí ohùn mi fi já. Mo bẹ ìyá arúgbó náà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ bá mi so ó padà, Ìyá. Ẹ ní kí ó wo ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀kan sí i péré."

Ó ń sunkún, àmọ́ ó mi orí. "Ohun tí a bá ti gé, a kì í padà wò ó. Bí a bá ń padà, a ti di ará Ẹ-Jẹ́-Á-Wò-Ó-Ná nìyẹn."

Mo yìnbọn fún Orí-Irin. Ọta náà di pẹlẹbẹ, ó já bọ́. Wọ́n ti ń to ọmọ ayò sórí pákó fún ẹlòmíì.

Nígbà tí mo délé, ìyá wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Ṣé ó kú?"

"Kò kú, Ìyá."

"Ó dà?"

"Ó ń sáré bọ̀."

"Ìgbà wo ni yóò dé?"

Mo gbé ìbọn mi ti ògiri. Ó ní kí n má fi "n kò mọ̀" wọlé. Ohun tí mo mú wọlé burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé mo mọ̀. Olójèdé tún gbé igi rẹ̀ wá, Ìyá ní wọn kì í gbẹ́ ère ẹni tó ń bọ̀ nílé. Ojoojúmọ́ ló ń bu oúnjẹ Táyé sọ́tọ̀, tí ó ń tutù, tí à ń fún ajá, títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Kò sunkún rẹ̀ tán. Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá.

Nítorí náà, Múfútáù, mo ní kí ẹ má pàtẹ́wọ́. Gbé fóònù ẹ wá. Wò ó, ó tún ti dákẹ́. Kì í ronú, mo ti wí fún ọ. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló ń sáré nínú ibẹ̀ yẹn, àdá sì ń sọ gbáú. Ta á lọ, n kò ní kí o má ta á. Ṣùgbọ́n ojú rẹ ṣì ríran, tèmi ti di bàìbàì. Nígbà tó bá gbé èyí tó fẹ́ gbé tán, bá mi wo àwọn ọ̀nà tí kò wò. Ẹnì kan ń sáré bọ̀ wálé lórí ọ̀kan nínú wọn.